Àléébù Sólà Tó Di Ìrántí: perovskite àti kọ̀ǹpútà tó ń fara wé ọpọlọ

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì níbí ní Ìlọrin, tó ń gbé ní Tanke, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru ọjọ́ kan. Wọ́n pín iṣẹ́ sẹ́mínà fún wọn, èyí tó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kó ṣàlàyé ohun èlò ìrántí kan tí wọ́n fi perovskite ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń darí, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kọ̀ǹpútà tó ń fara wé ọpọlọ ènìyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ka ibì kan, wọ́n ní òkúta ni. Mo ka ibòmíì, wọ́n ní sólà ni. Ẹnì kan ní mẹ́mórì ni, ẹlòmíì ní ọpọlọ àtọwọ́dá ni. Ṣé nǹkan kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ìyẹn ni?"

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, irú ìbéèrè báyìí kì í sì í jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo fẹ́ fi ohùn dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ tí mo tún pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gba kí ènìyàn jókòó tì í. Ohun tí mo padà kọ ránṣẹ́ sí i ni mo tún ṣe síbí yìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí awò ojú mi. Irú awò tó máa ń dúdú nínú oòrùn ni. Bí mo bá ti Ọjà Ọba bọ̀ lọ́sàn-án gangan tí mo sì wọ kíláàsì tààrà, awò náà á ṣì dúdú, àwọn ọmọ á sì bi mí pé, "Sà, ṣé ojú ń dùn yín ni?" Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó mọ́ padà. Ẹ wò ó dáadáa: oòrùn kò sí nínú kíláàsì, àmọ́ awò náà ń hùwà bí ẹni pé oòrùn ṣì ń tàn sí i. Ó ń rántí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bó ṣe dúdú tó lè mọ̀ bóyá mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni tàbí mo ti pẹ́. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó mọ́, torí ooru ló ń lé ohun tó wà nínú awò náà padà sí ipò rẹ̀. Ooru ń mú un gbàgbé, òtútù ń mú un rántí.

Awò ojú mi kò ní wáyà, a kò sì lè mọ ohun tó rántí àfi ká fojú wò ó. Wàyí o, ká ní nǹkan kan wà tó ń rántí ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú bí iná mànàmáná ṣe ń gbà á kọjá ni ìrántí náà ti ń hàn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, iná á máa kọjá wẹ́rẹ́; bí kò bá kàn án rí, iná ò ní fẹ́ kọjá rárá. Ká tún ní a lè fi bátìrì pa ìrántí náà rẹ́ nígbà tó bá wù wá. Ohun tí wọ́n ní kí àbúrò mi ṣàlàyé kò ju ìyẹn lọ. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ló kù.

Òkúta tí wọ́n sọ fún un yẹn, òótọ́ ni. Ní ọdún 1839, Gustav Rose, onímọ̀ òkúta ará Jámánì, ṣàyẹ̀wò òkúta kan tí wọ́n rí ní àwọn òkè Ural ní Rọ́ṣíà, ó sì fi orúkọ Lev Perovski, ìjòyè ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tó fẹ́ràn òkúta, pè é. Kálísíọ́ọ̀mù, titanium àti ọ́síjìn ló parapọ̀ di òkúta náà. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni átọ́ọ̀mù wọn tò bí ti òkúta yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ òkúta wá di orúkọ ètò. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: perovskite kì í ṣe orúkọ ohun kan, orúkọ ìjókòó ni.

Ẹni tó bá ti wọ agbo ilé àtijọ́ ní Pàkátà tàbí ní Àjíkòbí á tètè mọ ìjókòó náà. Yàrá fara ti yàrá, ògiri kan ló pààlà yàrá méjì. Nínú yàrá perovskite, átọ́ọ̀mù kan jókòó ní àárín gbùngbùn. Irú kejì wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yàrá náà, ti òkè àti ti ilẹ̀. Irú kẹta wà ní agbedeméjì ògiri kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ka òrùlé àti ilẹ̀ mọ́ ògiri, mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n yàrá méjì ló ni ògiri kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́jọ ló sì pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín ogún náà bó ṣe yẹ, ohun tó kan yàrá kan ni ọ̀kan ti àárín, ọ̀kan ti igun, àti mẹ́ta ti ògiri. Ohunkóhun tó bá ti pín báyìí, tó sì jókòó báyìí, perovskite là ń pè é.

Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò jáde láti inú òkè kankan. Òjé ló jókòó sáàárín. Áyódíìnì tàbí bromine ló wà lára ògiri. Cesium, tàbí ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní methylammonium, ló wà ní igun. Ìdí tí inú àwọn onímọ̀ fi dùn sí i ni pé ó rọrùn láti sè. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 1,400°C. Èyí, wọ́n á po iyọ̀ rẹ̀ mọ́ omi olóòórùn kan, wọ́n á kán an sórí gíláàsì, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí gíláàsì náà bírí títí omi náà yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá gbé e sórí ohun tó gbóná tó nǹkan bí 100°C. Ní ojú rẹ báyìí, àwọ̀ ìyeyè tó rẹ̀ dòdò á ṣókùnkùn, á di aláwọ̀ ilẹ̀, á sì dúdú kirikiri. Ó ti jókòó nìyẹn.

Ní ọdún 2009, Tsutomu Miyasaka àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Japan ló kọ́kọ́ fi í ṣe sólà. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn tó bọ́ lù ú, ìdá 3.8 péré ló sọ di iná. Lónìí, èyí tó dára jù ní láàbù ti kọjá ìdá 25. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lọ gun àjà: sólà tó wà lórí òrùlé wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, sílíkọ́nì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wọn agbára sólà perovskite, wọ́n rí ohun kan tó ń bí wọn nínú. Bí wọ́n bá ń gbé fóltì lọ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á rí iye kan. Bí wọ́n bá ń gbé e bọ̀ nílẹ̀, wọ́n á rí iye mìíràn. Sólà kan náà, oòrùn kan náà, ìdáhùn méjì. Ẹ ro òṣùwọ̀n ìrẹsì kan ní Ọjà Ìpàta tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbé lé e kẹ́yìn ṣì ń hàn nínú iye ti ẹni tó kàn. Ta ló máa rà á? Sólà tó ń rántí ohun tí wọ́n ṣe sí i tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ti lọ sórí bí wọ́n ṣe máa wo àìsàn yìí sàn.

Kí ló fà á? Ẹni tó bá ti kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó kún á yé kíákíá. Bí ẹnì kan bá jáde kúrò nínú sáfù láti lọ tún àlùwàlá ṣe, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sún dí àyè náà. Àyè mìíràn á ṣí níbi tí onítọ̀hún ti kúrò. Ẹni tó tẹ̀ lé e á tún sún. Kò sí ẹni tó rìn ju ìṣísẹ̀ kan lọ, síbẹ̀ àyè tó ṣófo ti rìn láti àárín dé ìpẹ̀kun. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú áyódíìnì inú ògiri perovskite. Kò sí kírísítálì tí kò ní ibi tó ṣófo, perovskite yìí sì ní ọ̀pọ̀. Áyódíìnì inú rẹ̀ ní agbára iná lára, áyọ́ọ̀nù là ń pè é nígbà náà, nítorí èyí bí o bá ti gbé fóltì sí i, áyọ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í sún, àwọn àyè tó ṣófo á sì máa rìn lọ sí òdìkejì. Bí o bá yọ fóltì náà, wọn kì í sáré padà. Ibi tí wọ́n bá wọn dé ni wọ́n máa wà fún ìgbà díẹ̀, nígbà mìíràn fún ìgbà pípẹ́. Bí àyè tó ṣófo bá kó jọ tó, tó tò láti etí kan dé èkejì, iná á rí ọ̀nà gbà kọjá níbi tí kò ti rí ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Bí o bá yí fóltì náà padà, àyè á tú ká, ọ̀nà á dí.

Àwọn mìíràn gbọ́ ẹjọ́ àìsàn yìí, wọ́n ní: ẹ dúró ná, ohun tí a ti ń wá nìyí. Láti ọdún 1971 ni Leon Chua ti Yunifásítì California ní Berkeley ti fi ìṣirò sọ pé ó yẹ kí ohun kan wà tí ìdènà iná inú rẹ̀ ń rántí iye iná tó ti gbà á kọjá. Ó pè é ní memristor. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ HP kéde pé àwọn ti rí i nínú titanium dioxide. Ní 2016, Zhengguo Xiao àti Jinsong Huang tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé perovskite inú sólà náà lè ṣe memristor, tó sì lè hùwà bí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì ti so pọ̀. Ohun tó jẹ́ àléébù lọ́wọ́ onísólà ló di iṣẹ́ lọ́wọ́ onímẹ́mórì.

Tí ẹ bá mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó, ẹ mọ memristor. Koríko kì í jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ rìn dáadáa. Ẹni ogún á rìn ín wẹ́rẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ fún òjò kan àbọ̀, koríko á tún bò ó. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ènìyàn ti ń gba ibẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Perovskite fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, ohun tó sọ ọ́ di sólà náà nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lù ú, ó máa ń já àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà níbi tí wọ́n so mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, iná á sì máa kọjá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó kúrò fi ihò kan sílẹ̀, ihò náà sì lè máa rìn kiri bí òun náà ṣe ń rìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kú, ó yẹ kí wọ́n padà pàdé kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kó sí kòtò, èkejì kò rí ẹni pàdé, á wà níta, á máa gbé iná kiri. Títí ẹni inú kòtò yóò fi jáde, ìmọ́lẹ̀ tó ti kú ṣì ń ṣiṣẹ́. Bíi ti awò ojú mi, ooru ló sábà máa ń tì í jáde.

Ìmọ́lẹ̀ tún máa ń mú kí ó rọrùn fún àwọn áyọ́ọ̀nù ògiri láti sún. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò wọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ ni kálámù, fóltì sì ni omi tí a fi ń fọ ohun tí a kọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé perovskite kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ ni, ohun mìíràn tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé iná. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán kan ṣoṣo dè yín lójú. A tún lè yan àwọ̀ tó máa gbọ́ràn sí: bí áyódíìnì bá wà lára ògiri, ó ń rí gbogbo àwọ̀ tí ojú wa ń rí títí kọjá pupa, bí bromine bá gba ipò rẹ̀, pupa ò jọ ọ́ lójú mọ́, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń dá a lóhùn.

Mo dárúkọ kálámù, torí ilé-kéwú ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àáfà á fi tàdáwà kọ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì sí wàláà mi. Màá kà á, màá tún un kà, títí á fi dúró lórí mi. Bó bá ti dúró, màá fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Àmọ́ wàláà tó ti gbó kì í mọ́ tán. Bí mo bá gbé e sí oòrùn kó gbẹ, mo máa ń rí òjìji lẹ́tà àná lábẹ́ ti òní, ẹsẹ̀ tí mo sì ti pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni òjìji rẹ̀ máa ń hàn jù, torí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ló fi wà lójú igi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọpọlọ ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ jẹ́ nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn. Ní ọdún 1949, Donald Hebb ará Kánádà dábàá pé bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń jí èkejì léraléra, ìsopọ̀ àárín wọn á máa le sí i. Ìrántí kò sí nínú àpótí kan níbì kan. Inú bí ìsopọ̀ ṣe le tàbí rọ̀ ló wà. Ohun èlò perovskite yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ènìyàn sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i lórí ẹ̀rọ tó ń wọn iná. Tan ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ìṣàn iná á gòkè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bí o bá tún tàn án kó tó rọlẹ̀ tán, ẹlẹ́ẹ̀kejì á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí o bá jẹ́ kó rọlẹ̀ tán kí o tó tàn án, ẹlẹ́ẹ̀kejì á dà bí àkọ́kọ́, bí ọmọ tó kéwú lónìí tó sì di oṣù tó ń bọ̀ kó tó tún ṣí wàláà. Tàn án lẹ́ẹ̀ogójì láìsinmi, ó lè di pé kò rọlẹ̀ tán mọ́. Ìrántí kúkúrú ti di ìrántí pípẹ́. Kò sí ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà kankan sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe rí ni.

Àbúrò mi bi mí nígbà tó ka ibí yìí pé, "Mẹ́mórì kádì kò ha ń rántí ni? Kí la tún ń wá?" Ìbéèrè gidi ni.

Kọ̀ǹpútà àti fóònù wa ṣì ń tẹ̀ lé ètò tí John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò, kọ sílẹ̀ ní 1945: ibi ìṣirò lọ́tọ̀, ibi ìpamọ́ lọ́tọ̀. Ẹ wo ahunṣọ òfì kan ní Ìlọrin tó jẹ́ pé Ọ̀fà ni òwú rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ fi okùn kan sí i, á wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà, á mú okùn kan, á padà wá, á hun ún. Okùn tó kàn, Ọ̀fà tún ni. Aṣọ náà á parí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ á ju owó òwú lọ. Bó ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn: agbára tí ó fi ń lọ mú nọ́ńbà kan wá láti ibi ìpamọ́ ńlá lè ju agbára tó fi ṣe ìṣirò nọ́ńbà náà lọ ní ìlọ́po 100. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń lò báyìí, lílọ-bíbọ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Káàdì NVIDIA H100 kan ṣoṣo, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ọgbọ́n àtọwọ́dá, lè gba wáàtì 700, jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" kò ní lè gbé e débì kan. Ọpọlọ ènìyàn, tó ń ríran, tó ń gbọ́ràn, tó ń rántí orúkọ ìyá ìyá rẹ, nǹkan bíi wáàtì 20 ló ń jẹ, bíi ti ṣájà fóònù.

Ọpọlọ kò ní Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ibi tí ó ti ń rántí ló ti ń ṣírò. Memristor lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin Ohm tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ló sì fi ń ṣe é. Ká ní a fi nọ́ńbà kan pamọ́ sínú ohun èlò náà, ìyẹn ni bí iná ṣe ń gbà á kọjá nírọ̀rùn tó. Bí a bá wá gbé fóltì sí i, ìṣàn iná tó máa jáde jẹ́ fóltì náà ní ìlọ́po ìrọ̀rùn yẹn. Ìṣirò ìlọ́po ti parí, kò sí ẹni tó ṣírò. Bí a bá so ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ mọ́ wáyà kan, ìṣàn iná gbogbo wọn á ro pọ̀ nínú wáyà náà bí àwọn odò kéékèèké ṣe ń ro pọ̀ sínú odò Asà láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó sí bèbè ń ka omi. Ìlọ́po àti àròpọ̀: ohun tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ṣe tọ̀sán-tòru kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Carver Mead, onímọ̀ kan ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ láti ìparí àwọn ọdún 1980 pé ká jẹ́ kí ìwà ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò bí ọpọlọ ti ń ṣe.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, a ti fi ojú kún un. Nínú ojú ènìyàn kan, sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 120. Okùn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan péré. Ojú kì í kó gbogbo ohun tó rí fún ọpọlọ. Ó ti ṣà á, ó ti yọ èèpo rẹ̀ kó tó ránṣẹ́. Kámẹ́rà kò mọ èyí. Kámẹ́rà ìṣọ́ tí wọ́n fi sí ẹnu géètì á wo títì tó ṣófo láti agogo méjìlá òru títí di ìdájí, á sì fi gbogbo òfìfo náà ránṣẹ́, àwòrán lórí àwòrán. Ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun èlò perovskite rọ́pò rẹ̀. Ògiri ilé tó dúró sójú kan níwájú rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá kọjá á fi ipa sílẹ̀, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò á ṣì máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ bí ibi tó dé ti ń mọ́lẹ̀ sí i, èèyàn á sì ti lè rí nínú ojú kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ibi tó ń kọrí sí, kí ìròyìn kankan tó dé ibi ìṣirò. Gbígbàgbé díẹ̀díẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Mẹ́mórì kádì tí kì í gbàgbé kò lè ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ìròyìn máa ń bù mọ́ ọn: ohun èlò yìí kì í ronú. Ìsopọ̀ ni wọ́n ń fara wé, wọn ò tíì fara wé ọkàn. Ṣíìpù TrueNorth tí IBM gbé jáde ní 2014, tí kò ní perovskite kankan nínú, ní sẹ́ẹ̀lì àtọwọ́dá mílíọ̀nù kan àti ìsopọ̀ mílíọ̀nù 256. Ti perovskite tí wọ́n ń fi hàn ní láàbù ṣì kéré sí ìyẹn lọ́nà jíjìn.

Ohun tó ń fà á sẹ́yìn kò ṣòro láti lóye. Àkọ́kọ́ ni omi. Iyọ̀ ni, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi methylammonium àti áyódíìnì ṣe, bí a bá fi í sílẹ̀ láìbò nínú òjò oṣù Kẹsàn-án wa níbí, dúdú ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti etí, àwọ̀ ìyeyè á sì yọ lábẹ́ rẹ̀: ó ń tú padà sí ohun tí wọ́n fi sè é. Ooru náà wà níbẹ̀. Ètò ìjókòó irú èyí máa ń yí padà ní nǹkan bí 54°C, òrùlé páánù wa lóṣù Kẹta sì lè kọjá ìyẹn dáadáa. Èyí tí cesium wà ní igun rẹ̀ máa ń fara da ooru jù.

Òmíràn ni pé ohun èlò méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lórí gíláàsì kan náà kì í hùwà bákan náà. Ọ̀nà tí àyè tó ṣófo gbà kó jọ nínú ọ̀kan lè yàtọ̀ nínú èkejì, bó sì ṣe ń pẹ́, ìwà ọ̀kan ṣoṣo náà lè máa yí. Fún wàláà kan, kò burú. Fún mílíọ̀nù wàláà tó gbọ́dọ̀ jọ kéwú pọ̀, ìṣòro ńlá ni.

Òjé ló ń dùn mí jù. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ nítorí góòlù ti pa ju 400 ọmọdé lọ. Òjé inú ohun èlò kan ṣoṣo kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n irú òjé yìí ń yòrò nínú omi, a sì mọ bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú fóònù àti tẹlifíṣàn tó ti bàjẹ́ ní àdúgbò wa: àwọn ọmọ kéékèèké á fi òkúta fọ́ ọ, wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á yọ bàbà inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti fi tin tàbí bismuth rọ́pò òjé. Ti tin máa ń tètè bàjẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún wa kí ọ̀rọ̀ òjé yìí tó yanjú, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Àbúrò mi ka gbogbo rẹ̀ tán, ó pè mí. Ohun tó yé e jù, ó ní, ni ti sáfù. Ó fẹ́ mọ bóun ṣe máa jẹ́ kí àwọn olùkọ́ òun rí i pé nǹkan lè rántí ìmọ́lẹ̀, nígbà tí kò sí perovskite kankan lọ́wọ́ òun. Mo ní kó wá gba awò ojú mi, mo ní òmíràn nílé. Kó gbé e sí oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó pè é wọlé, kó fi owó náírà kan bo ìdajì gíláàsì kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé e sórí ìwé funfun níwájú wọn.